Ọbẹ̀ kan, onílé méjì: Ìdí tí àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà fi ń du orúkọ oúnjẹ mọ́ ara wọn lọ́wọ́

Nígbà tó di ìparí oṣù kọkànlá, ọdún 2020, tí àrùn kòrónà ṣì ń da gbogbo ayé láàmú, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ láàrin orílẹ̀-èdè Ṣáínà àti Gúúsù Kòríà. Kì í ṣe ìjà ààlà ilẹ̀, kì í ṣe ìjà epo rọ̀bì, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó yìnbọn. Kábéèjì tí wọ́n fi iyọ̀ àti ata pa mọ́ sínú ìkòkò ni wọ́n ń bá ara wọn fà. Àjọ ISO, èyí tó máa ń gbé ìlànà kalẹ̀ fún oríṣiríṣi ọjà lágbàáyé, ló fi ìlànà tuntun kan síta lórí ẹ̀fọ́ oníyọ̀ tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní pao cai, èyí tí agbègbè Sichuan gbajúmọ̀ fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìròyìn Global Times, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣèjọba Ṣáínà, máa ròyìn ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e jáde bí ẹni pé kimchi, oúnjẹ àwọn ará Kòríà, gan-an ni ìlànà ọ̀hún wà fún, àti pé Ṣáínà ló ṣíwájú gbogbo ayé nínú rẹ̀. Bí ìròyìn yìí ṣe dé ìlú Seoul báyìí, ńṣe ni ariwo ta.

Àwọn ará Gúúsù Kòríà ní olè ni. Wọ́n ní lẹ́yìn tí Ṣáínà ti kó ọjà wọn, oúnjẹ ìyá wọn ló tún kù tó fẹ́ kó. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ní Gúúsù Kòríà ní láti jáde sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé pao cai ni pao cai, kimchi ni kimchi, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, àti pé inú ìwé tí ISO fi síta pàápàá ni wọ́n ti sọ pé ìlànà náà kò kan kimchi. Wọ́n tún rán aráyé létí pé láti ọdún 2001 ni ìgbìmọ̀ Codex, tí àjọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti àjọ ètò ìlera àgbáyé jọ dá sílẹ̀, ti fọwọ́ sí ìlànà tó wà fún kimchi lábẹ́ orúkọ tí Kòríà ń pè é. Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, ọdún 2021, ìjọba Gúúsù Kòríà kéde pé orúkọ tí àwọn fẹ́ kí kimchi máa jẹ́ ní èdè Ṣáínà ni xinqi, kí ẹnikẹ́ni má baà tún pè é ní pao cai mọ́.

Kí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí tó lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kábéèjì fi lè dá irú awuyewuye yìí sílẹ̀, ó yẹ kó mọ ipò tí kimchi wà láàrin àwọn èèyàn náà. Yálà oúnjẹ àárọ̀ ni o, tọ̀sán ni o, tàbí talẹ́, àwo kimchi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Bí ìgbà òtútù bá ti ń sún mọ́lé, àwọn mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò la kábéèjì, wọn yóò fi iyọ̀ rẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ata gígún, áàyù, atalẹ̀ àti edé oníyọ̀ ra ewé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó kó o sínú ìkòkò kó lè kan. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ kí òtútù má baà sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di yìnyín. Iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní kimjang. Ohun tí wọ́n bá rí ṣe ni wọn yóò pín láàrin ara wọn, òun ni wọn yóò sì fi la ìgbà òtútù já. Àjọ UNESCO fi kimjang ti Gúúsù Kòríà sínú àkọsílẹ̀ àṣà àjogúnbá aráyé lọ́dún 2013. Nígbà tó di 2015, wọ́n fi ti Àríwá Kòríà náà sí i. Orílẹ̀-èdè méjì tí ogun wọn dáwọ́ dúró ní 1953, tí wọn kò sì tíì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà títí dòní, ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń bu jẹ.

Ìjà kimchi yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, Jàpáànì ni Kòríà bá wọ̀yá ìjà, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ kan ní Jàpáànì ń ṣe tiwọn láì jẹ́ kó kan, wọ́n sì ń tà á lábẹ́ orúkọ kimuchi. Ìjà yẹn ló bí ìlànà ọdún 2001 tí Kòríà ń fi yangàn. Bí èèyàn bá sì wo ilẹ̀ Éṣíà láti ìlà oòrùn títí dé ìwọ̀ oòrùn, yóò rí i pé ibi gbogbo ni irú ìjà bẹ́ẹ̀ wà. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀ ni pé kí ló dé tí ìjọba odindi, tó ní àwọn ọmọ ogun àti ilé ìfowópamọ́ ńláńlá, fi ń kó sí ìjà ọbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé oúnjẹ ti kúrò ní ohun tí a fi ń pa ebi nìkan. Ó ti di àsíá, ó ti di ọjà, ẹni tó bá sì gba orúkọ rẹ̀ ló máa gba owó rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tó tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Thailand. Oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́ lónìí ni pad thai, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sọ di tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn bí okùn, tí wọ́n wá fi ẹyin, edé gbígbẹ, omi àjàgbọn àti ẹ̀pà dín. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ nílùú Bangkok yóò rò pé àwọn baba ńlá wọn ló ti ń jẹ ẹ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun Plaek Phibunsongkhram ni olórí ìjọba nígbà tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà láti Siam sí Thailand lọ́dún 1939. Ọkùnrin yìí fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà máa ronú bí ọmọ ilé kan, ló bá ń ṣe òfin lórí aṣọ tí wọn yóò wọ̀, èdè tí wọn yóò sọ àti bí wọn yóò ṣe máa kí àsíá. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn náà ni ìjọba rẹ̀ ń rọ àwọn aráàlú pé kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, kí wọ́n sì máa tà á. Àwọn ará Ṣáínà tó wá ṣòwò ló kó irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi àjàgbọn àti ata sí i, tí wọ́n sì so orúkọ Thai mọ́ ọn, ó di ti Thailand. Oúnjẹ tí àwọn èèyàn ń pè ní ti ìbílẹ̀ yìí kò ju ọjọ́ orí àgbàlagbà kan lọ.

Lọ́dún 2002, ìjọba Thailand tún gbé ètò mìíràn kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Global Thai. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí ilé oúnjẹ Thailand pọ̀ káàkiri ayé. Wọ́n ń kọ́ àwọn agbọ́únjẹ níṣẹ́, wọ́n ń ṣètò owó yíyá fún àwọn tó fẹ́ lọ dá ilé oúnjẹ sílẹ̀ lókè òkun, wọ́n sì ń fún àwọn ilé oúnjẹ tó bá ń se é bó ṣe yẹ ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Thai Select. Ní bíi ìgbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ilé oúnjẹ Thailand tó wà lókè òkun jẹ́ nǹkan bíi 5,500. Ó ti lé ní 10,000 lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sí i. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ rọrùn. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ Thailand nílùú London tàbí New York, ó lè wù ú láti wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, owó tó bá sì ná níbẹ̀, àpò Thailand ló wọ̀. Láfikún sí i, ìrẹsì, omi ẹja àti ata tí wọ́n fi ń sè é, láti Thailand ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Gúúsù Kòríà wo àwòkọ́ṣe yìí, òun náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́dún 2009. Ní oṣù kejìlá, ọdún 2024, UNESCO fi tom yum kung, ọbẹ̀ edé oníkíkan àti aláta ti Thailand, sínú àkọsílẹ̀ wọn.

Ohun tó mú kí ìjà wọ̀nyí le púpọ̀ ni pé kò sí oúnjẹ kan nínú wọn tí kò jẹ gbèsè ilẹ̀ òmíràn. Ata tó sọ kimchi di pupa, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn atukọ̀ ojú òkun láti Yúróòpù ló kó o débẹ̀, ẹ̀yìn ọdún 1500 ló sì tó dé Kòríà. Kí ata tó dé, kimchi tí wọ́n ń jẹ kì í pupa. Tempura tí Jàpáànì ń gbé fún àlejò, ọ̀dọ̀ àwọn ará Pọtogí ni wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín in. Ramen wọn, láti Ṣáínà ló ti wá. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé tempura kì í ṣe oúnjẹ Jàpáànì lónìí. Ọmọ tí a gbà tọ́, tó sì ti gbọ́ èdè ilé títí tó fi dàgbà, ọmọ ilé ló dà. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ilé méjì bá jọ tọ́ ọmọ kan ṣoṣo.

Irú ilé méjì bẹ́ẹ̀ ni Malaysia àti Singapore. Orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí Singapore tó kúrò lára Malaysia lọ́dún 1965. Àwọn Malay, àwọn ará Ṣáínà àti àwọn ará Íńdíà ló jọ ń gbé ní ilẹ̀ méjèèjì, ìkòkò wọn sì ti dà pọ̀ mọ́ra kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà. Ìrẹsì aládìẹ tí àwọn méjèèjì ń du, àwọn tó ṣí wá láti erékùṣù Hainan ní Ṣáínà ló gbé e débẹ̀. Lọ́dún 2009, Arábìnrin Ng Yen Yen, tó jẹ́ mínísítà ètò ìrìn-àjò afẹ́ ní Malaysia nígbà náà, fẹ̀sùn kàn pé àwọn ilẹ̀ mìíràn ti já oúnjẹ Malaysia gbà. Ó ka laksa, ìrẹsì alágbọn tí wọ́n ń pè ní nasi lemak, akàn aláta àti ìrẹsì aládìẹ náà mọ́ wọn. Ariwo tó tẹ̀lé e ní Singapore kò kéré.

Singapore kò wulẹ̀ dúró máa jà lórí ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí olórí ìjọba wọn nígbà náà, Lee Hsien Loong, kéde lọ́dún 2018 pé àwọn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá UNESCO, ohun tó gbé lọ ni àṣà jíjẹun ní ọjà olóúnjẹ, níbi tí Malay, ará Ṣáínà àti ará Íńdíà ti ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ àti awakọ̀ takisí sì jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan. Àwọn olóúnjẹ títà kan ní Malaysia bínú, wọ́n ní ọjà olóúnjẹ tàwọn ló dáa jù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá, ọdún 2020, UNESCO gba ìwé Singapore wọlé. Malaysia náà kò sùn. Lọ́dún 2024, wọ́n gba ìwọlé fún àṣà oúnjẹ àárọ̀ tiwọn, tí nasi lemak wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ìjà náà ti di ti ìwé kíkọ: ta ló tètè kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ dáadáa, ta ló sì ní ẹ̀rí.

Ní ìwọ̀ oòrùn Éṣíà, ìjà náà ní ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ nínú. Hummus ni oúnjẹ tí wọ́n fi irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní chickpea ṣe; wọ́n á sè é, wọ́n á gún un kúnná, wọ́n á fi yànmọtí lílọ̀, áàyù àti omi ọsàn lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Gbogbo àwọn Lárúbáwá agbègbè náà ló ń jẹ ẹ́ láti ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà sì ti sọ ọ́ di ààyò. Lọ́dún 2008, ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá ní Lẹ́bánónì, tí Fadi Abboud jẹ́ olórí wọn, halẹ̀ pé àwọn yóò pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ ibẹ̀ ń ta hummus sókè òkun bí oúnjẹ Ísírẹ́lì. Àpẹẹrẹ tí wọ́n ń tọ́ka sí ni ti ilẹ̀ Gíríìkì, tó ti gba ẹ̀tọ́ orúkọ wàràkàṣì feta ní Yúróòpù lọ́dún 2002.

Nígbà tí ẹjọ́ kò tètè ṣeé pè, ìkòkò ni wọ́n fi ń jà. Ní 2009, àwọn agbọ́únjẹ nílùú Beirut ṣe hummus tó lé ní 2,000 kílò, kí orúkọ wọn lè wọ ìwé Guinness. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2010, ìlú Abu Ghosh ní Ísírẹ́lì ṣe èyí tó lé ní 4,000 kílò. Àwo ńlá tí wọ́n fi ń gba ìròyìn láti ojú sánmà ni wọ́n bù ú sí, nítorí kò sí àwo oúnjẹ tó lè gbà á. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé Lárúbáwá ni àwọn ará Abu Ghosh fúnra wọn. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Lẹ́bánónì padà wá pẹ̀lú 10,452 kílò. Kì í ṣe pé wọ́n kàn mú iye yẹn látinú afẹ́fẹ́. Iye kìlómítà ilẹ̀ Lẹ́bánónì ní ìbú àti òòró ni 10,452. Ohun tí wọ́n ń fi hummus náà sọ ni pé kò sí bí a ṣe fẹ́ mú oúnjẹ kúrò lára ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Íńdíà àti Pakistan fi hàn pé owó wà nínú ìjà yìí ju ẹnu lọ. Ìrẹsì basmati, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń ta sánsán, ẹsẹ̀ òkè Himalaya ni wọ́n ti ń gbìn ín, ní Punjab àti àyíká rẹ̀. Lọ́dún 1997, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, RiceTec, gba ìwé àṣẹ ìjọba ibẹ̀ lórí àwọn ìrẹsì kan tó jọ basmati. Íńdíà gbé ẹ̀rí dìde, ó jà fitafita, wọ́n sì fagi lé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí iléeṣẹ́ náà ń béèrè. Ìgbà yẹn, Íńdíà àti Pakistan jọ ń bínú sí àlejò ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Íńdíà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù pé òun lòun ni orúkọ basmati, tí wọ́n sì gbé ìwé náà síta ní 2020, Pakistan fárígá. Pakistan kò tilẹ̀ ní òfin tó lè fi dáàbò bo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 2020 yẹn. Ìgbà tí ilé fẹ́ jó ni wọ́n tó ń gbẹ́ kànga. Ní 2021 ni wọ́n tó forúkọ basmati sílẹ̀ nílé. Àwọn òyìnbó fa ìlà sáàrin Punjab lọ́dún 1947, èèyàn sì kú lọ bẹẹrẹ, àmọ́ ìlà náà kò lè pín òórùn ìrẹsì sí méjì.

Kódà láàrin Íńdíà nìkan, ìjà ń bẹ. Rasgulla, àkàrà wàrà roboto tí wọ́n ń sè nínú omi ṣúgà, ìpínlẹ̀ West Bengal àti ìpínlẹ̀ Odisha ló jọ ń du ú. Bengal ní Nobin Chandra Das ló kọ́kọ́ ṣe é ní Kolkata lọ́dún 1868. Odisha ní inú tẹ́ńpìlì Jagannath nílùú Puri ni àwọn ti ń lò ó láti ayébáyé. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọjà sílẹ̀ fún Bengal ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ ní 2017, ó sì fún Odisha ní tirẹ̀ ní 2019. Kálukú ni wọ́n ní kó máa ta tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀. Ìdájọ́ àgbà nìyẹn.

UNESCO pàápàá sọ ọ́ gbangba pé bí oúnjẹ kan bá wọ àkọsílẹ̀ àwọn, kò túmọ̀ sí pé orílẹ̀-èdè tó gbé e wá nìkan ló ni ín. Lọ́dún 2016, wọ́n gba ìrẹsì ẹlẹ́ran ti Uzbekistan tí wọ́n ń pè ní palov wọlé, wọ́n sì gba ti Tajikistan, oshi palav, wọlé nínú ìpàdé kan náà. Lẹ́yìn tí Armenia ti gba ìwọlé fún búrẹ́dì pẹlẹbẹ rẹ̀, lavash, lọ́dún 2014, Azerbaijan, Iran, Kazakhstan, Kyrgyzstan àti Turkey jọ gbé ti wọn wá ní 2016, wọ́n sì gbà á. Ọ̀nà àlàáfíà wà, ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú kì í fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń pariwo pé wọ́n fẹ́ jí oúnjẹ wa ló ń rí ìbò.

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá ti dójú ẹ̀ ni pé orúkọ yàtọ̀ sí oko. Gúúsù Kòríà tó ń bá Ṣáínà jà lórí kimchi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kimchi tí wọ́n ń rà wọlé láti òkèèrè, Ṣáínà ló ti ń wá, nítorí pé ó dínwó. Púpọ̀ nínú ilé oúnjẹ tó ń bu kimchi lọ́fẹ̀ẹ́ fún oníbàárà wọn ní Seoul, ti Ṣáínà ni wọ́n ń bù. Ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, lẹ́yìn tí ooru burúkú ti ba kábéèjì jẹ́ lóko, owó rẹ̀ lọ sókè débi pé ìjọba fúnra rẹ̀ ní láti ra kábéèjì wọlé láti Ṣáínà. Ìwé UNESCO kò lè mú kábéèjì hù nínú ooru. Bákan náà ni Íńdíà, tó ń ta bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìrẹsì tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tà fún ara wọn, ṣe ti ilẹ̀kùn ní oṣù keje, ọdún 2023, tó ní òun kò ta ìrẹsì funfun lásán sókè òkun mọ́ nítorí kí ó má baà wọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ òun. Oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024 ni wọ́n tó ṣí i. Láàrin ìgbà náà, kò sẹ́ni tó béèrè irú oúnjẹ ta ni ìrẹsì jẹ́. Ẹni tí yóò tà á ni gbogbo ayé ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé rárá. Oúnjẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó kúrò ní Ṣáínà, tó di ramen ní Jàpáànì, Momofuku Ando, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Taiwan, ló sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí lọ́dún 1958. Indonesia, ilẹ̀ tí kì í gbin àlìkámà, gbà á, ó sì sọ ọ́ ní Indomie lọ́dún 1972. Ó wọ Nàìjíríà lọ́dún 1988, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílé ní 1995. Títí dòní, iléeṣẹ́ wọn ń ṣiṣẹ́ nílùú Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lónìí, ọmọ tó bá ń sunkún oúnjẹ àárọ̀ ní Ìbàdàn kò mọ̀ pé orúkọ Indonesia lòun ń pè. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí ọ̀dọ́ Nàìjíríà àti Gánà ń tìtorí rẹ̀ bú ara wọn, ọ̀dọ̀ àwọn Wolof ní Senegal ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ìrẹsì wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi ń sè é níbẹ̀ nígbà ayé àwọn òyìnbó Faransé, láti apá Vietnam ní Éṣíà ni wọ́n ti ń kó o wá. Nígbà tí Nàìjíríà àti Gánà ń jà lọ́wọ́, Senegal kó ìwé tirẹ̀ lọ bá UNESCO, wọ́n sì gba ceebu jën wọlé lọ́dún 2021.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbogbo rẹ̀ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tí kò bá kọ ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò bá a kọ ọ́, orúkọ ara rẹ̀ ni yóò sì kọ sí i. Pakistan ti kọ́ ọ, Malaysia náà ti kọ́ ọ. Èkejì ni pé ìwé nìkan kò tó. Ẹni tó ní ìwé oúnjẹ lọ́wọ́ àmọ́ tí kò ní oko, ọjà ẹlòmíràn ni yóò ti máa ra oúnjẹ baba rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi ata ra kábéèjì ní abúlé Kòríà kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí kábéèjì dáa lọ́dún yìí, kí iyọ̀ má wọ́n, kí àwọn ọmọ sì rántí wálé wá bá wọn ṣe é. Bí ìyẹn bá bàjẹ́, kò sí ìwé tí ìjọba Seoul tàbí ti Beijing lè fọwọ́ sí tí yóò dá a padà.